Àga Bàbá Àgbà Tí Mo Sọ Di Tuntun

Ọjọ́ tí oníbàárà mi dìde tí àga sì bá a dìde, mi ò lè gbàgbé rẹ̀ títí màá fi hewú. Ẹ̀rín làwọn tó wà níbẹ̀ fi ń ròyìn rẹ̀ títí dòní. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: owú ló fà á.

Káfíńtà ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Èmi àti Káyọ̀dé la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, ọjọ́ kan náà la sì gba fúrídọ̀ọ̀mù. Tó bá di ká kan àga, mo mọ̀ ọ́n kàn jù ú lọ, ọ̀gá wa pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mò ń kan bẹ́ẹ̀dì tuntun tẹ́nì kan ò wò, ńṣe ni Káyọ̀dé ń lọ sílé àwọn arúgbó, tó ń ra àga tó ń mì àti àpótí ìdáná tí èéfín ti sọ di dúdú. Á ya fọ́tò wọn, á fi fóònù gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ rántí ilé?" Làwọn èèyàn bá ń gbé jíìpù láti Ìbàdàn àti Èkó wá. Ọ̀nà tiẹ̀ há, nítorí náà ẹnu ọ̀nà tèmi ni wọ́n ń páàkì sí.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta ohun àtijọ́ wà?"

Ẹ wo ìyà. Èmi ni mò ń júwe ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan mo tiẹ̀ júwe Ọjà Akẹ̀sán fún wọn kí wọ́n lè sọnù, wọ́n ṣì rí i. Mo fojú ara mi rí ọkùnrin kan tó gbá àpótí ìdáná mọ́ra nínú jíìpù bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Oúnjẹ ò wù mí jẹ lọ́jọ́ náà.

Ìgbà yẹn ni mo rántí àga bàbá àgbà mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Igi ìrókò ni, ó lápá méjèèjì, páálọ̀ ìyá àgbà ló wà. Díákónì ni bàbá àgbà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi nígbà tó wà láyé. Orí àga yìí ló máa ń jókòó sí tó bá fẹ́ mọ ọmọ tó ti tó ilé ìwé í lọ. Ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá àárín orí. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, bàbá á fi ọ̀bẹ fa ìlà kan sí apá àga. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, ìlà méje ló sì wà níbẹ̀. Bàbá mi tó ti dolóògbé ló ni méjì, torí pé ó tẹ orí nígbà àkọ́kọ́ kọ́wọ́ rẹ̀ lè dé etí. Ilé ìwé dá a padà sílé lọ́dún náà, ọdún tó tẹ̀ lé e ló gba ìlà kejì.

"Ìyá àgbà, mo fẹ́ bá yín tún àga yìí ṣe. Ó ti ń dún."

Ó ń dún lóòótọ́. Ibẹ̀ nìkan ni mi ò ti purọ́.

"Ọkọ mi, Ọlọ́run á bù kún ọ. O ò ní pẹ́ gbé e dé o?"

"Kò ní pẹ́, ìyá àgbà."

Ní gáréèjì, búùtù ò gba àga. A gbé e sáàárín mọ́tò, èmi sì jókòó lé e, mo tẹ ọrùn kórí mi má lu òrùlé. Ìyá kan tó wà lẹ́yìn ní, "Kábíyèsí, ṣé ààfin la máa já yín sí?" Gbogbo mọ́tò rẹ́rìn-ín dé Ọ̀yọ́.

Mo pinnu pé tèmi gbọ́dọ̀ dán ju gbogbo ti Káyọ̀dé lọ. Mo kó ìfági àti sáńpépà tì í. Nígbà tí mo dé orí ìlà méje yẹn, ọwọ́ mi dúró díẹ̀. Mo ní, "Àbùkù ni, ta ló máa ra àga alábùkù?" Mo fá a. Mo wá fi fáníìṣì kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀mejì, lásìkò òjò tí nǹkan kì í tètè gbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan tó wọ léèsì funfun sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ohun àtijọ́.

"Ẹ ti dé ibẹ̀, mà," ni mo wí.

Kí n tó sọ pé kó ní sùúrù, ó ti jókòó. Ó jókòó dáadáa. Dídìde ló di wàhálà.

"Kí ló dì mí mú?"

"Ẹ má mira, mà."

Ó mira. Àga bá a dìde. Ó yí sọ́tùn-ún, àga yí. Èmi di ẹsẹ̀ àga mú, mò ń fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́, léèsì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ariwo yẹn ló gbé Káyọ̀dé dé, tòun ti kẹrosíìnì àti àkísà. Ó rọra ń nu fáníìṣì náà díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ sún síwájú díẹ̀." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo bẹ obìnrin náà, mo ní àga àtijọ́ ni lóòótọ́, ti bàbá àgbà mi ni.

Ó wò ó tòkè tilẹ̀. "Ọmọ mi, mi ò rí bàbá àgbà kankan lára rẹ̀. Àga báńkì ni èyí jọ."

Ó tẹ̀ lé Káyọ̀dé, ó sì ra bẹ́ǹṣì kan tí ìdí ìkòkò gbígbóná ti jó lójú. Nígbà tó lọ tán, mo bi Káyọ̀dé ohun tó ń fi kun tiẹ̀.

"Mi ò fi nǹkan kan kùn ún. Mo ń pa kòkòrò, mo ń kan ẹsẹ̀ tó bá ń mì. Àga tuntun kún ilé wọn, ọ̀rẹ́ mi. Ojú àpá yẹn ni wọ́n ń rà."

Mo gbé àga padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá àgbà jókòó, ó ní, "Kò dún mọ́. Ó dán." Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí apá àga, ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé orí àwọn ìlà yẹn ló máa ń gbé ọwọ́ lé tó bá ń gbàdúrà àárọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọkọ mi, àwọn ọmọ mi dà?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan títà tí mo fẹ́ tà á.

"Dìde. Gbé ọwọ́ rẹ kọjá orí."

"Ìyá àgbà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí o."

"Mo ní gbé e. Má tẹ orí bíi bàbá rẹ."

Ìka mi kan etí. Ó ní kí n lọ mú ọ̀bẹ wá, kí n fa ìlà kan síbi tí mo fá. Mo fà á, ìlà náà wọ́.

"Tìrẹ nìyẹn," ló wí. "Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ tó ilé ìwé í lọ."

Ohun tí mò ń jowú rẹ̀ lọ́wọ́ Káyọ̀dé, ilé wa ló wà tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fá a dànù, kí n tó mọ̀ pé òun ni mò ń wá. Ní báyìí, bẹ́nì kan bá bi mí pé ìwé mélòó ni mo kà, mo máa ń gbé ọwọ́ kọjá orí, màá fi kan etí, màá sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í kún ẹnu.