Télọ̀ Tó Wọn Mọ́tò Láìwọn Orí Ara Rẹ̀

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Mo-Mọ̀: kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún un. Bí o bá ní òjò ń bọ̀, á ní òun ti mọ̀ láti ìjẹta. Ó ga bí òpó iná, tépù kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì gbà pé ó mọ nǹkan kan. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni, tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo mọ́tò tí àna rẹ̀ bá rà, á yí i po lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Hùn." Ó parí.

Nígbà tí ìyá ní òun ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ kan, Ọ̀gá Mo-Mọ̀ pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, dandan ni kó yin òun. Ó lọ wo mọ́tò àtijọ́ kan, pupa fòò, tí àga rẹ̀ kò ju méjì lọ, irú èyí tí òrùlé aṣọ rẹ̀ ń ká wọ inú bùútù. Bàbá kúkúrú kan ló ń tà á. Ìrọ̀rí ni bàbá náà ń gbé sábẹ́ ìdí kó tó rí títì.

Ọ̀gá yọ tépù. Ó wọn gígùn, ó wọn ìbú, ó wọn ìlẹ̀kùn méjèèjì.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ mẹkáníìkì, sún mọ́ ọn. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká fa òrùlé yẹn jáde, kẹ́ ẹ jókòó sábẹ́ ẹ̀ wò. Mọ́tò àtijọ́ máa ń ní ìwà tiẹ̀."

"Èèyàn ń ra mọ́tò tó ń ṣí lórí, o ní kó pa á dé. Bó o bá ra fèrèsé, ṣé bíríkì lo máa fi dí i?"

"Ó dáa, Bọ̀dá."

"Mo mọ̀ pé ó dáa."

Lọ́jọ́ tí ìyá dé, Ọ̀gá lọ pàdé rẹ̀ níbùdókọ̀ ojú irin. Ìyá yí mọ́tò po lẹ́ẹ̀kan. Kò sọ "Hùn." Inú Ọ̀gá dùn débi pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi di báàgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìyá sínú bùútù, lé orí òrùlé tó ká síbẹ̀.

Wọn ò tíì dé ìkóríta kejì tí òjò fi dé.

"Pa orí ẹ̀ dé," ni ìyá wí.

Ọ̀gá bọ́ sílẹ̀, ó fa òrùlé. Kò wá. Báàgì mẹ́rin ló jókòó lé e. Ó kó wọn sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa òrùlé bo mọ́tò lórí, ó kó báàgì padà, ó sì wọlé.

Àfi bí ẹni fi òpó ti àgọ́: orí rẹ̀ gbé òrùlé sókè. Ó dà á sọ́tùn-ún, ó kan èjìká ìyá. Ó dà á sósì, ó gbá gíláàsì. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, àgbọ̀n rẹ̀ tẹ fèrè mọ́tò, fèrè sì ń ké lọ.

"Ṣó o wọ̀n ọ́n kó o tó rà á?" ni ìyá bi í.

"Mo wọ̀n ọ́n, Mọ́mì."

"Ibo nínú ẹ̀?"

Fèrè ló dáhùn.

"Bọ́ sílẹ̀." Ìyá sún sídìí sítíárín. Ọ̀gá gbìyànjú àga kejì. Orí kan náà ló gbé lọ síbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ délé.

Nígbà tó dé, tí omi ń ro tótó lára rẹ̀, ìyá ń fi mọ́tò han àwọn ará ilé.

"Ọkọ ọmọ mi mọ mọ́tò rà," ni ìyá wí.

Ọ̀gá na ọrùn sókè. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń retí gbólóhùn yìí.

"Ó gbà mí régí," ni ìyá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. "Ọkọ̀ ojú irin yẹn ti sú mi. Èyí ni mo máa wà lọ sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé o gbọ́?"

Mẹkáníìkì wo ilẹ̀. Ọ̀gá fún omi kúrò lára tépù rẹ̀.

"Mo mọ̀, Mọ́mì."