Káàdì Méjì Lórí Nọ́ńbà Márùn-ún

Amudat, tó ń se oúnjẹ tà ní Sábó Gàrí, gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ ọkọ rẹ̀ tó kú wá sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀ṣẹ́nì ní France Road. Kí bàbá tó kú, ó ti fi ohùn ara rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ìdágbére sílẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀la ni fìdáù ogójì ọjọ́, Amudat sì ti ṣèlérí fún gbogbo ẹbí pé wọn yóò gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ń tàn, àmọ́ kò fọhùn.

Ọ̀ṣẹ́nì tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. "Hàjíyà, káàdì méjì ló ń jà. Ọ̀kan ń mú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, èkejì ń mú un wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, márùn-ún, ni àwọn méjèèjì fi ń pe ọ̀gá wọn, ọpọlọ ẹ̀rọ. Kò mọ ẹni tí yóò dá lóhùn, ló bá dákẹ́."

"Orogún ni wọ́n."

"Káàdì ni wọ́n, Hàjíyà."

"Ta ló kọ́kọ́ wọlé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ìmọ̀ lèyí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ ní Fagge."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ tèmi nílé ọkọ. Ta ló kọ́kọ́ wọlé?"

Ọ̀ṣẹ́nì jẹ́wọ́ pé ti ohùn ni. Láti àárọ̀ ló ti ń gbé e lọ sí méje, sí mẹ́wàá, sí mọ́kànlá, kò sì gbin.

"Ìyálé lo wá ń lé kiri? Bí wọ́n bá lé ìwọ náà kúrò ní yàrá rẹ, ṣé wàá sọ̀rọ̀? Dá a padà sí márùn-ún. Wá yàrá fún ìyàwó lẹ́yìn."

Ọ̀ṣẹ́nì ní ẹ̀rọ kò mọ ìyálé. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tó fẹ́ tan iná, Amudat di ọwọ́ rẹ̀ mú: àfi kó kọ́kọ́ bẹ ìyàwó tí wọ́n lé. Ọ̀ṣẹ́nì wo ẹnu ọ̀nà bóyá oníbàárà ń bọ̀, ó wá tẹ̀ ba sórí káàdì náà.

"Ẹ má bínú, ìyàwó."

Ó tan iná. Ẹ̀rọ wúkọ́. Ohùn bàbá jáde kedere:

"Ramlat, ìyàwó mi kékeré ní Hotoro. Ìgbà tí mo jẹ ọbẹ̀ rẹ ni mo tó mọ̀ pé ebi ló ti ń pa mí láti ọjọ́ yìí."

Ọ̀ṣẹ́nì bẹ̀rẹ̀ sí wá nọ́ọ̀tì kan tí kò sọnù nílẹ̀. Amudat tún ìborùn rẹ̀ so.

"Ẹnjiníà."

"Hàjíyà."

"Dá ìyàwó kékeré padà sí nọ́ńbà márùn-ún."