Erékùṣù tí Ginés Fi Dí Ihò

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gba orí afárá Triana ní ìlú Sevilla kọjá, kò já sódò, kò fẹsẹ̀ kọ, ó lọ fìdí kalẹ̀ sílé Ginés Rebollo, atukọ̀ òkun tó tún ń ya máàpù.

Gbogbo ìgbà òtútù ni Ginés fi ya máàpù kan ṣoṣo. Awọ ọmọ màlúù ló yà á sí. Ó fi okùn na awọ náà mọ́ igi onígun mẹ́rin, ó wá gbé e lé orí àga méjì lẹ́bàá fèrèsé. Bí olùyẹ̀wò ọba bá tẹ òǹtẹ̀ sí i lónìí, Ginés á bá ọkọ̀ ọba gbéra lóṣù tó ń bọ̀. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, ó di ilé iṣẹ́ àna rẹ̀ nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń la ẹja tí wọ́n ń fi iyọ̀ ra á lára, tí òórùn rẹ̀ kì í ṣí lára èèyàn títí dé ibojì. Àna rẹ̀ tiẹ̀ ti pọ́n ọ̀bẹ kan sílẹ̀ dè é.

Láàárọ̀ yìí gan-an ni awọ náà dún pàù! Ibi tí kòkòrò ti bu ọmọ màlúù yẹn jẹ nígbà tó wà láyé ló là. Kò là létí, kò là níbi tí òkè wà. Àárín agbami ló ti là, níbi tí omi nìkan yẹ kó wà. Àyè àtiya òmíràn kò sí mọ́. Ginés fi gọ́ọ̀mù ẹja lẹ awọ pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ ihò náà, ó kùn ún ní búlúù, àpá rẹ̀ ń hàn. Ó tún un kùn, ó túbọ̀ hàn. Ló bá kùn ún láwọ̀ ewé, ó di erékùṣù. Ẹ sì mọ bí àwọn atukọ̀ wa ṣe ń sọ ilẹ̀ lórúkọ: ẹni mímọ́ tó bá ni ọjọ́ tí wọ́n rí i, òun ló ni ín. Ọjọ́ Santa Quiteria ni Ginés rí ihò rẹ̀. Ló bá kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: Santa Quiteria.

Gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ tí olùyẹ̀wò fi yọ lókèèrè. Don Suero de Albornoz ni, ẹni tó máa ń sọ pé kò sí omi kan láyé tí òun kò tíì fi ọkọ̀ là kọjá. Ginés ń wò ó lójú fèrèsé bó ṣe ń gba orí afárá bọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n so pọ̀ tí wọ́n tẹ́ pákó lé lórí tó fi di afárá, ó sì máa ń mì díẹ̀. Don Suero dijú pinpin, ó gbá ẹ̀wù àlùfáà kan mú lẹ́yìn, ètè rẹ̀ ń gbàdúrà.

Kò pẹ́ tó fi wọlé.

"Ginés! Àga dà? Ẹni tó bá rin òkun tó èmi, ilẹ̀ gbígbẹ ló máa ń rẹ̀ ẹ́."

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá mi. Ẹ jọ ẹni tí èébì ń gbé."

"Èébì bíi ti báwo? Ayọ̀ ni. Bí ayọ̀ ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn tí mo bá ti gbóòórùn omi. Máàpù dà?"

"Òun nìyí, ọ̀gá." Ginés sáré dúró tì í, ó gbé ìgúnpá lé erékùṣù náà bí ẹni tó kàn ń sinmi.

Don Suero bẹ̀rẹ̀ sí í wo etíkun, ó ń mi orí. "Èyí dáa. Èyí dáa. Èyí wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà dáa. Kí lo fìgúnpá bò?"

"Omi ni, ọ̀gá. Omi lásán."

"Gbé ìgúnpá."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ọ̀gá mi. Ẹja nìkan."

"Mo ní kó o gbé ìgúnpá!"

Ginés gbé e. Ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fà á tìtì kó tó tú.

"Kí nìyí?"

"Erékùṣù ni, ọ̀gá."

"Erékùṣù wo? Gbogbo máàpù tó wà ní Sevilla ni mo ti yẹ̀ wò, mi ò rí i rí."

Ọ̀bẹ àna Ginés kọ mànà lójú rẹ̀. "Bóyá àwọn yòókù kò dé ibẹ̀ ni, ọ̀gá. Etíkun, etíkun ni wọ́n ń rá kiri. Àwọn tó rin òkun ní tòótọ́ nìkan ló máa mọ̀ ọ́n."

Don Suero wúkọ́. Ó fa irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ṣé mo ní mi ò mọ̀ ọ́n ni? Mi ò rí i lórí máàpù rí ni mo wí. Ilẹ̀ ibẹ̀ gan-an, ojú mi yìí ti rí i!"

"Ẹ ti dé ibẹ̀?"

"Àìmọye ìgbà! O tiẹ̀ yà á kéré jù."

Ginés wò ó látòkè délẹ̀. Ihò tí òun fi gọ́ọ̀mù dí láàárọ̀ yìí, ọkùnrin yìí ti dé ibẹ̀ àìmọye ìgbà! Ìbẹ̀rù bọ́ lára rẹ̀ wọ̀ọ̀, àgálámàṣà wá gba ipò rẹ̀.

"Ọ̀gá mi, Ọlọ́run ló ní kí n bá yín pàdé. Ẹ dákun, èdè wo ni wọ́n ń sọ níbẹ̀? Mi ò gbọ́ wọn yé."

"Èdè tiwa yìí náà ni. Ó kàn wúwo lẹ́nu wọn díẹ̀, bíi tàwọn ará Cádiz."

"Ó mà yẹ kí n ti fura o! Kí ni wọ́n fi ṣe yín lálejò?"

"Èso ólífì. Ẹyọ kan tó orí ewúrẹ́."

"Orí ewúrẹ́ kẹ̀!"

"Ewúrẹ́ tó ti bímọ. Mo jẹ ẹyọ kan tán, èmi àti gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ mi. A ń pín èkejì lọ́wọ́ ni afẹ́fẹ́ dé, la bá gbéra."

"Ẹ ò wá mú kóró rẹ̀ bọ̀ wálé ká rí i?"

"Kóró yẹn? Òun la fi ṣe ìdákọ̀ró."

Ginés yí ojú sí fèrèsé títí ẹ̀rín fi lọ sílẹ̀ lọ́fun rẹ̀. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà. "Ẹ jẹ́ kí n fi igi ibẹ̀ kún un, ọ̀gá. Mo gbàgbé rẹ̀." Ó ya igi kan sáàárín erékùṣù náà níṣojú Don Suero.

"Igi yẹn!" Don Suero pàtẹ́wọ́. "Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń sùn sí lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan ti kán lápá òsì."

"Lápá òsì?"

"Èmi ni mo gùn ún tó fi kán."

"Ẹ kú ewu, ọ̀gá." Ginés mú ìyẹ́ ìkọ̀wé, ó fi tàdáwà kán ẹ̀ka náà fún un. Ẹ̀rín tó ń fi ipá mọ́ra mì í lọ́wọ́, tàdáwà kan já bọ́ látorí ìyẹ́ ìkọ̀wé rẹ̀, tó! Ó balẹ̀ sétí erékùṣù náà, ó dúdú kirikiri.

"Yéè!" ni Ginés ké.

"Èmi náà ké bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i," ni Don Suero wí. "Àpáta òṣìkà! Ó kù díẹ̀ kó fọ́ ọkọ̀ mi. Inú mi dùn pé o kò gbàgbé rẹ̀."

Eṣinṣin kan fò wọlé látojú fèrèsé, ó bà lé ibi tí gọ́ọ̀mù ti tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ há. Don Suero, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tẹ̀ síwájú.

"Háà! O tún ya ẹyẹ wọn! Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí, bó ṣe máa ń fọwọ́ ra orí..."

Eṣinṣin já ara rẹ̀ gbà, ó fò lọ.

"Ó ti lọ, ọ̀gá."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í fẹ́ kéèyàn yìn ín." Don Suero nàró. "Orúkọ nìkan ni kò bá mi lára mu. Ta ló ní kó máa jẹ́ Santa Quiteria?"

"Ọjọ́ rẹ̀ ni mo rí i, ọ̀gá."

"Èmi ni mo ṣáájú rẹ débẹ̀. Orúkọ tèmi ló yẹ kó jẹ́. Kọ ọ́: San Suero."

"Ọ̀gá mi, kò mà sí ẹni mímọ́ kankan tó ń jẹ́ Suero."

"Kò tíì sí ni."

Ginés pa orúkọ ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó kọ San Suero.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbé ìda síná kó yọ́, kí n tẹ òǹtẹ̀ sí i."

Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Ginés gbé ìda síná, ó kù díẹ̀ kó bẹ́ sí ijó. Òkun ló ń lọ! Kí àna rẹ̀ máa fi ọ̀bẹ rẹ̀ gé búrẹ́dì jẹ!

"Bí mo bá ti kúrò níbí," ni Don Suero ń wí bó ṣe ń tú òǹtẹ̀ jáde lápò, "ọ̀dọ̀ ọba ni mò ń lọ. Ọkọ̀ tó ń gbéra lóṣù tó ń bọ̀, kò gbọdọ̀ yà síbì kankan. San Suero tààrà. Ìwọ lo máa tù ú."

Ọwọ́ Ginés dúró gbagidi lókè iná. "San Suero, ọ̀gá? Tààrà?"

"Tààrà."

"Tá a bá wá débẹ̀ ńkọ́, tí kùrukùru bò ó, tá ò rí i?"

"Atukọ̀ tí kò rí ilẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà? Orí òpó ọkọ̀ ni ọba máa so ó kọ́ sí."

Ìda bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Ginés rí ara rẹ̀ lókè òpó, tó ń mì lọ tó ń mì bọ̀ lójú agbami tí kò sí erékùṣù. Ẹja oníyọ̀ àna rẹ̀ wá ń ta sánsán sí i nímú bí òdòdó. Bó bá jẹ́wọ́, kò sí òǹtẹ̀. Bí kò bá jẹ́wọ́, okùn ni. Ó wo Don Suero, ó rántí ẹ̀wù àlùfáà lórí afárá.

"Ọ̀gá mi, ẹ ṣé o! Inú gbogbo àwọn atukọ̀ máa dùn láti rí yín níwájú ọkọ̀."

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ta ni wọ́n máa dá mọ̀ níbẹ̀? Ṣé èmi tí wọn ò fi ólífì lọ̀?"

"Orúnkún ń dùn mí, Ginés."

"Ọkọ̀ ni, ọ̀gá. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ rìn."

"Ìyàwó mi kò ní gbà."

"Ẹ mú wọn dání! Àwọn náà á rí igi tẹ́ ẹ kán."

Ojú Don Suero padà sí bó ṣe rí lórí afárá. Ó di igi fèrèsé mú. "Báwo ni... báwo ni ọ̀nà ibẹ̀ tiẹ̀ ṣe jìn tó?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ àìmọye ìgbà ni kí n máa bi."

"Mo máa ń sùn lójú ọ̀nà!"

"Ó dáa. Kí n má dà yín láàmú, ẹ kàn fìka tẹ ibi tí ọkọ̀ yín máa ń gúnlẹ̀ sí fún mi. Tí mo bá ti sàmì síbẹ̀, mo lè lọ sọ fún ọba pé ẹ ti ṣe tán."

"Mi ò tíì ṣe tán!"

"Ibi tẹ́ ẹ gúnlẹ̀ sí, ọ̀gá."

"Ibí ni!" Don Suero fi ìbínú tẹ ìka mọ́ ọn. "Ibí yìí ni! Ṣó o ti wá rí i..."

Pọ́! Ìka rẹ̀ wọlé títí dé òrùka.

Níta, obìnrin kan ń kiri sàdíìnì, ó kọjá lọ. Don Suero bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ máàpù, ó rí ìka kan níbẹ̀. Ó mi ìka rẹ̀ lókè. Ti ìsàlẹ̀ náà mì.

"Ọ̀gá mi," ni Ginés wí, "ẹ ti gúnlẹ̀."

Don Suero wo Ginés, Ginés náà wò ó.

"Ginés."

"Ọ̀gá."

"Ta ló wà nílé?"

"Àwa méjì náà ni. Mencía ìyàwó mi ti lọ sọ́jà."

"Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ihò ni."

"Èmi náà ò ní sọ ẹni tó jẹun níbẹ̀."

"Àwọn etíkun tó kù yìí ńkọ́? Òótọ́ ni wọ́n?"

"Mo fi ìyá mi búra, gbogbo wọn ni mo fi ojú ara mi rí."

"Tún èyí lẹ̀. Kùn ún ní búlúù."

"Àpá rẹ̀ á hàn, ọ̀gá."

"Ya ẹja ńlá kan lé àpá náà lórí. Ẹja kì í dúró sójú kan, kò sẹ́ni tó máa wá a lọ."

Ó yọ ìka rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó da ìda sí etí máàpù, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn, gbàgà! Ginés fẹnu ko òǹtẹ̀ náà lẹ́nu kó tiẹ̀ tó tutù, ètè rẹ̀ jó, kò bìkítà.

Don Suero dé fìlà rẹ̀, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Ó dúró. Ó gbìyànjú láti lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó yíjú padà.

"Ginés, erékùṣù yẹn, ó ti rì ni."

"Mo rí i, ọ̀gá."

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tètè kúrò níbẹ̀."

Ibi tí mo bá àwọn méjèèjì dé nìyẹn, tí mo fi wọ́n sílẹ̀ tí mo padà wá bá yín. Ó yá, ẹ ṣan ẹsẹ̀ yín, ẹ wọlé lọ sùn.

"Ìyá àgbà, èmi náà ti dé erékùṣù yẹn rí!"

"Ṣé lóòótọ́? Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ lọ sùn nígbà náà. Ìrìn á ti rẹ̀ ọ́."