Ọ̀dínátẹ̀ Bàbá Àlàsàn Gba Ọkàn Tuntun

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Kambolé lánàá tó mú kí àwọn ìjòyè gbàgbé iṣu tí wọ́n fẹ́ lọ wà.

Bàbá Àlàsàn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló pe ẹjọ́. Ó gbé ọ̀dínátẹ̀ rẹ̀ mọ́ àyà bí ọmọ tí ibà ń ṣe. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni, tẹlifísọ̀n ni wọ́n ń so ó mọ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn. Òun ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní á-bí-dí Yorùbá. Faransé ni ilé-ìwé ń kọ́ wọn, èdè Tẹ́ẹ̀mù ni ọjà ń kọ́ wọn, ẹ̀rù sì ń bà á pé èdè ilé kò ní rí ẹni kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́.

Mùízù ló pè lẹ́jọ́, ọmọ Kambolé tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Sokodé. Ọba Àjàgbé ní kí Àlàsàn sọ tẹnu rẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ̀rọ mi kò yá, ṣùgbọ́n kì í ṣàìsàn. Bí mo bá ní kó ya lẹ́tà kan, àwọn ọmọ á ti jẹ ẹ̀pà tán kó tó yà á parí. Mo bẹ Mùízù kó bá mi mú un yára díẹ̀. Ó yọ ọkàn rẹ̀, èyí tó ń bá a ronú, ó fi pátákó kékeré kan tó ní ọkàn tuntun síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ń sáré bí ẹṣin, ṣùgbọ́n kí á-bí-dí tó parí, á dákú. Àwòrán á dúró gbagidi, kò ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ọmọ ò wá mọ́."

Ọba yíjú sí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́.

"Mùízù, kí lo rí sí i?"

"Kábíyèsí, iṣẹ́ mi dáa. Kò dákú lọ́dọ̀ mi rí. Àárò Sokodé ló ń sọ ọ́."

Ìjòyè kan wúkọ́.

"Ẹ̀rọ wo ni àárò ń sọ?" ni Ọba bi í.

"Èyí tó bá ti rí ìlú ńlá ni, Kábíyèsí. Èmi náà, bí mo bá wá sílé, orí máa ń fọ́ mi."

"Nígbà tó dákú, kí lo ṣe?"

"Mo wá sílé Bàbá, mo yọ pátákó náà, mo nu àwọn ẹsẹ̀ irin rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ padà dáadáa. Ó tún dákú. Mo wá ní kí Bàbá máa bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́."

"Mo bá a sọ̀rọ̀," ni Àlàsàn wí. "Ó dákú mọ́ mi lẹ́nu."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Àṣàbí, ìyàwó Àlàsàn, ló kọ́kọ́ dìde.

"Ọ̀sán tí oòrùn bá mú nìkan ló máa ń dákú, Kábíyèsí."

"Kò rí bẹ́ẹ̀," ni Bìlálì aládùúgbò wọn wí. "Àárọ̀ ọyẹ́ ni mo rí i tó dákú, nígbà tí Àṣàbí ki áyọ́ọ̀nù bọ iná."

"Bìlálì, nígbà ọyẹ́, Goubi lo wà," ni Àṣàbí dá a lóhùn.

"Wọ́n sọ fún mi ní Goubi ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìwọ ni, nígbà tí o wá ra àgbàdo."

Àṣàbí jókòó, ó ń tún gèlè ṣe.

Ọba ní kí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifísọ̀n ààfin. Lẹ́tà ń bọ́ sójú rẹ̀ wàràwàrà, àwọn ìjòyè ń mi orí. Láìpẹ́, ó dákú. Mùízù fọwọ́ kan ọkàn tuntun náà, ó fa ọwọ́ yọ.

"Ó gbóná."

Ọba ní kí wọ́n yí fáànù òun sí ẹ̀rọ. Wọ́n tún un tàn. Lọ́tẹ̀ yìí ó pẹ́ díẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú Kábíyèsí, Mùízù sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí ẹ̀rọ fi dákú.

Mùízù mú ohun tí wọ́n fi ń wọn iná jáde, ó fi kàn án, ó wò ó, ó tún un wò. Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Kábíyèsí, àárò kọ́. Àpótí tó ń fún un níná ti darúgbó. Ọkàn tuntun ń mu iná ju èyí tó lè bù fún un lọ. Ní Sokodé, àpótí tèmi ni mo fi dán an wò."

"O mọ̀ bẹ́ẹ̀ lo fi gbé e fún mi?" ni Àlàsàn bi í jẹ́jẹ́.

"N kò rò ó dé ibẹ̀, Bàbá. Ẹ má bínú. Mo ti tú àpótí tèmi yẹn fún iṣẹ́ mìíràn. Màá to tuntun."

Ọba nu ojú, ó dájọ́.

"Títí àpótí tuntun yóò fi dé, ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀rọ yóò wà, níwájú fáànù. Àwọn ọmọ á máa wá síbí. Ibikíbi tó bá ti dákú, Mùízù, ìwọ ni kí o dìde, kí o mú ẹfun, kí o kọ lẹ́tà tó kàn. Bí o bá ṣì í kọ, gbogbo yín á padà sí A. Àlàsàn, ìwọ lo ń kánjú. O kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́."

"Kábíyèsí, Faransé nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ."

"Mo mọ̀. Jókòó sáàárín àwọn ọmọ."

Láàárọ̀ yìí, àwọn ọmọ kún ààfin. Ẹ̀rọ sáré, sáré, ó dákú nígbà tó kan ṣ. Mùízù dìde, ó kọ s gàdàgbà sójú pátákó ìkọ̀wé, ó wá fi àmì lé e lórí bí fìlà. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì padà sí A.

Àlàsàn ti fẹ́ dìde, ó rántí ìdájọ́, ó jókòó. Bó ti yíjú ló rí Ọba Àjàgbé lórí àga, síléètì lórí itan rẹ̀, tó ń fi àtàǹpàkò pa àmì kan tó dà bí fìlà rẹ́ lórí s tirẹ̀. Àlàsàn yára gbójú sókè, ó ń wo àjà.