Géèmù Tó Pe Akínmúrelé Lórúkọ

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Àgbọn, ẹ gbọ́! Ààfin ló rán mi. Ẹ pa rédíò yín, ẹ fetí sílẹ̀.

Ẹ mọ Olóyè Akínmúrelé, ẹni tí yóò jẹ Balógun wa ní Sátidé. Kùmọ̀ lásán ló fi lé àwọn adigunjalè títí dé odò. Kò sá! Ṣùgbọ́n Mojísádé, ọmọ ọmọ rẹ̀, gbé géèmù kan wá láti Ìbàdàn. Kò ní ìbọn. Kò ní àdá. Kò ní ọ̀tá! Ilé òfìfo ni, èèyàn kàn ń rìn nínú rẹ̀. Bàbá gbá a. Ilẹ̀kùn tó tì, ó tún bá a ní ṣíṣí. Bàbá wá ẹni tí yóò bá jà, kò rí. Géèmù ti béèrè orúkọ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, bàbá sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ toyètoyè. Nígbà tó yá, ohùn kan pè é lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àgbàlagbà tó mọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí, ó jẹ́ ẹ! Ó jẹ́ ẹ o!

Láti ọjọ́ náà, ẹni yòówù kó pe bàbá, kò dáhùn mọ́. Àṣà wa sì rèé: lọ́jọ́ ìwúyè, Ọba á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á pe Balógun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí kò bá dáhùn, oyè bọ́. Súnmọ́nù ni yóò jẹ ẹ́, ẹni tí àkùkọ lé wọlé lọ́dún tó kọjá.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ!

Ìkíní: Géèmù tí yóò bá wọ ìlú yìí gbọ́dọ̀ ní ọ̀tá. Ọ̀tá tó ní ọrùn! A mọ ohun tí a ń fi ọrùn ṣe. A kò mọ ohun tí a ń fi ilẹ̀kùn ṣe.

Ìkejì: Ilẹ̀kùn tó bá ń han, ẹ fi epo pa á. Èyí tó bá ṣí fúnra rẹ̀, kí onílé tú u, kó rù ú wá sí ààfin. Ilẹ̀kùn yóò wí tẹnu rẹ̀ kí a tó dájọ́.

Ìkẹta: Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dákẹ́ ládùúgbò bàbá. Ẹ máa wúkọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, àgbò kan!

Ìkẹrin: Ẹni tó bá fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́, wọn yóò ti òun àti géèmù náà mọ́ yàrá kan. Òun nìkan! Mo ní òun nìkan!

Ìkarùn-ún: Ní Sátidé, kí gbogbo ìlú pésẹ̀. Bí Ọba bá ti pe Akínmúrelé, kí gbogbo wa jẹ́ ìpè náà pọ̀, tọkùnrin tobìnrin. Ohun tó ń pè é kò ní mọ ẹni tí yóò mú. Bàbá wa ni, a fẹ́ràn rẹ̀, a kò ní jẹ́ kó dá a jẹ́.

Ẹ sì tètè dáhùn o! Ẹ má jẹ́ kí ó di ìpè kejì, torí a kò mọ ohùn ẹni tí yóò pe ìyẹn. Kábíyèsí nìkan ni yóò wà nínú yàrá yẹn, òun náà sì gbá géèmù náà lánàá.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn. N kò bù mọ́ ọn, n kò bù kúrò níbẹ̀. Ìlú á tòrò o!