Bẹ́ẹ̀dì Mẹ́jọ fún Ọmọ Márùn-ún

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Láníyọnu káfíńtà ló fà á, Láníyọnu aláṣejù, ẹni tí kò gbọ́n tí kò sì mọ̀ pé òun kò gbọ́n.

Bẹ́ẹ̀dì ló ń kàn ní Ìkirè. Ó ń kàn án dáadáa títí ó fi lọ kọ́ kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ní Ìbàdàn. Látìgbà náà, ará ìlú kò sinmi. Inú kọ̀ǹpútà ló ti ń tẹ gígùn, fífẹ̀ àti orúkọ ẹni tí yóò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì sí, ìlà kan fún ẹnì kan. Bó bá tẹ bọ́tìnnì kan báyìí, àwòrán gbogbo bẹ́ẹ̀dì á yọjú lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Ló bá ń pe ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní ará oko.

Alàgbà Odùntán, tó yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀bù fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ní kó kan bẹ́ẹ̀dì fún àwọn ọmọ òun.

"Bí inú ìyàwó mi bá dùn sí i," ni Alàgbà wí, "ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù yìí títí ayé."

Láníyọnu dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò sí ohun tó fẹ́ láyé ju ṣọ́ọ̀bù náà lọ. Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ọmọ́yájowó, ìyàwó Alàgbà, lọ.

"Ọmọ mélòó lẹ bí, mà?"

"Wọ́n wà, a dúpẹ́."

"Mo ní mélòó, mà?"

"Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n, tó o fẹ́ kà wọ́n? Mú okùn wá. Bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, màá máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá máa wọ̀n wọ́n. Bí mo bá dákẹ́, ó parí nìyẹn."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Òmùgọ̀ nìkan ló lè kọ irú rẹ̀. Láníyọnu kọ̀ ọ́. Ó ní iye ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń béèrè, pé bí òun ò bá kọ iye, kò ní ṣí. Ó sì ń kùn lọ́nà pé àìlajú ló ń dààmú obìnrin náà.

Nígbà tó di Sátidé, Alàgbà wà lóko kòkó, ìyàwó rẹ̀ lọ sípàdé. Láníyọnu gbé súìtì wọ àgbàlá wọn. Àwọn ọmọdé rọ́ dé, títí kan àwọn ti ilé ìyá aránṣọ tó wà lódìkejì.

"Ta ni bàbá ẹ?" ló ń bi wọ́n. Èyí tó bá dárúkọ ẹlòmíràn, á lé e. Àwọn mẹ́jọ dárúkọ Alàgbà Odùntán. Ó wọ̀n wọ́n, ó kọ orúkọ wọn, títí kan àbíkẹ́yìn tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ.

"Mẹ́jọ péré ló ń fi pamọ́!" ó sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tó kó bẹ́ẹ̀dì dé, gbogbo àdúgbò jáde wá wòran. Ó ti gbẹ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ibi ìgbórílé. Ìyá Ọmọ́yájowó ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé orí ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ni Olúgbọ́yè Odùntán? Ta ni Fọlárìn? Ta ni Mobọ́lájí?"

"Ọmọ yín ni, mà," ni Láníyọnu wí, ó gbáyà sókè. "Wọ́n ní ilé ìyá àwọn, ìyá aránṣọ, làwọn ń sùn. Mo rò pé àyè ni ò tó níbí."

Ìyá aránṣọ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbà. Alàgbà tó ti ń yọ́ lọ sẹ́yìn ilé dúró, ó yíjú padà.

"Láníyọnu, ta ló ní kó o kà wọ́n?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà."

Kí oòrùn tó wọ̀, kọ̀ǹpútà àti ayùn ti wà níta ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Ọmọ́yájowó kò dá bẹ́ẹ̀dì kankan padà. Ó ní ọmọ ò ṣẹ̀, ó fi méjì ránṣẹ́ sí Olúgbọ́yè àti Fọlárìn. Ti Mobọ́lájí ọmọ ọdún mẹ́ta ló gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún Alàgbà, òun ló sì ń sùn lé títí dòní, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, orúnkún lábẹ́ àgbọ̀n.

Láníyọnu ń kan àpótí lábẹ́ igi ọdán báyìí. Ẹ lọ bi í ní iye tó ti kàn, á ní wọ́n wà, a dúpẹ́. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà bá bi yín ní iye, ẹ pa á kú kíá, ẹ wá okùn lọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.