Orúkọ Tí Mo Sọ fún Àwọn Ará Kánsù

Ọjọ́ tí àwọn ará kánsù wá gba orúkọ àdúgbò wa sílẹ̀ ní Ìkirè ò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Wọ́n ní ìtìjú kì í pa ènìyàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, torí bó bá ń pa ènìyàn ni, wọn ì bá ti sin mí láti ayé ìgbà yẹn.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Àpòmù ni wọ́n ti gbé mi wá, dòdò ni mo sì ń dín tà lẹ́bàá títì níwájú ilé ọkọ mi. Ìlú ń yí padà lójú wa. Wọ́n ti da ọ̀dà sójú ọ̀nà tó kọjá níwájú ilé, wọ́n ti gbé tiransifọ́mà wá sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ báńkì tí a ò mọ̀ rí sì ń wá gba yàrá ládùúgbò wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wa ò lórúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ lẹ́tà sí wa, ohun tó máa kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni "ilé tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń ta pákó". Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ súà, lẹ́tà á kàn máa rìn kiri bí ewúrẹ́ tó sọnù ni.

Nígbà tó yá, kánsù kéde pé gbogbo ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní orúkọ, kí gbogbo ilé sì ní nọ́ńbà. Wọ́n ní ilé tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà lápá ọ̀tún ni àwọn máa kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọn ò bá rí orúkọ gbà níbẹ̀, wọ́n á sọdá sí ilé tó kọjú sí i. Ilé wa ló wà lápá ọ̀tún. Ilé Alhájì onípákó ló kọjú sí wa. Bàbá ọkọ mi ní bàbá òun ló kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì yẹ kó wà lójú pátákó. Alhájì ní irọ́ ni, bàbá tòun ló kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀. Àwọn méjèèjì tí wọ́n ti ń kírun pọ̀ láti kékeré wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn.

Bàbá kó gbogbo ilé jọ.

"Ọjọ́ yòówù kí wọ́n dé, ẹni tí wọ́n bá bá nílé ni kó sọ orúkọ bàbá mi fún wọn. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́, wọ́n ti kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ bàbá mi parẹ́ o."

Gbogbo wa dáhùn pé kò ní parẹ́. Inú tó ń bí wa sí Alhájì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rántí ohun kan. Nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, kì í sì í ṣe ẹni tó fẹ́ ẹ sílé nìkan o. Gbogbo ọmọ ilé tó bá níbẹ̀, àgbà wọn, èwe wọn, àti òkú wọn pẹ̀lú, ọkọ ni wọ́n. Orúkọ mìíràn ni ìyàwó á wá tí yóò máa fi pè wọ́n. Àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ tíṣà, tí eyín rẹ̀ funfun báláú, Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́. Bàbá àgbà tí ọ̀rọ̀ pátákó dá lé lórí yìí ti kú kí n tó dé, ṣùgbọ́n mo bá orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé ń pè é: Agùntáṣọọ́lò. Wọ́n ní ó ga dáadáa, aṣọ kì í sì í wọ̀ ọ́ kó má yẹ ẹ́. Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an, mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ bi mí, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Bí ẹni pé àwọn ará kánsù mọ̀, ọjọ́ tí gbogbo ọmọ ilé lọ sí ibi yìgì ní Àpòmù ni wọ́n yọjú. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Àpòmù ni wọ́n ní kí n má lọ, torí oyún inú mi ti tóbi, ọkọ̀ sì lè máa gbọ̀n mí. Ẹni tó dúró tì mí ni ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ìyàwó ni mí, ìyàwó lòun náà, kò sí ọmọ ilé kan tí yóò yá wa ní ẹnu.

Mo ń dín dòdò lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì dúró lórí mi. Ọ̀kan mú ìwé àti bírò, èkejì gbé ike ọ̀dà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó," oníbírò ló sọ bẹ́ẹ̀. "Orúkọ wo lẹ fẹ́ kí a fún ọ̀nà yìí?"

"Orúkọ bàbá wa àgbà ni, sà."

"Kí lorúkọ wọn?"

Mo wo ìyálé mi. Ìyálé mi wo ilẹ̀.

"Ẹ dákun, sà, ẹ bá wa padà wá lọ́la."

"Wásinmi la máa wà lọ́la. Ṣé ẹ ò mọ orúkọ wọn ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Mi ò kàn lè pè é ni. Ìyàwó ilé ni mí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá lòun náà, ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó ní kí n pe ọmọ ilé kan wá, mo ní kò sí. Ó na bírò sí mi pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà, ó ṣe tán mo kàwé díẹ̀. Ìyálé mi ké mọ́ mi: "Ẹnu tó pè é àti ọwọ́ tó kọ ọ́, ṣé ọ̀tọ̀ ni wọ́n?" Mo yára fa ọwọ́ mi padà.

Ibi tí a ti ń fà á lọ fà á bọ̀ yìí ni ọmọ Alhájì obìnrin kan ti pariwo láti òdìkejì. Ọmọ ilé gidi lòun, kò sí orúkọ tí kò lè pè.

"Ẹ̀yin ará kánsù! Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí jàre! Ẹnu tiwa ò wúwo!"

Oníbírò ṣe bí ẹni fẹ́ sọdá títì. Mo rí ojú Bàbá bó ṣe máa rí bó bá ti Àpòmù dé, tó gbọ́ pé orúkọ bàbá rẹ̀ ti lọ mọ́ wa lọ́wọ́.

"Agùntáṣọọ́lò!" Igbe ni mo fi sọ ọ́.

"Kí lẹ pè é?"

"Agùntáṣọọ́lò, sà. Bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n nìyẹn."

Ó ní orúkọ tó ní láárí ni, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣàlàyé pé orúkọ tí àwa ìyàwó ń pè é ni, kó kàn fi gba àyè sílẹ̀ títí Bàbá á fi dé, ni òórùn dòdò tó ń jóná gbẹnu mi. Mo sáré lọ kó o kúrò lórí iná. Bí mo ṣe ń kó o ni oníbírò tún ń bèèrè ẹni tó ni ilé tuntun tó wà nínú kọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa. Ilé tíṣà àbúrò ọkọ mi ni. Ẹnu mi sì ti là tẹ́lẹ̀.

"Eyínfúnjowó ni, sà."

Ìyálé mi fi ìgbúnwọ́ gún mi níhà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo wá di dòdò fún wọn kí wọ́n fi panu, bóyá ara á tù mí. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n ní nítorí dòdò yìí, pátákó tiwa làwọn máa kọ́kọ́ ṣe ní gbogbo Ìkirè. Èmi náà ní ẹ ṣé o. Ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu epo sí ìtìjú ara rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará ilé dé, Bàbá bi wá bóyá a sọ orúkọ fún wọn.

"A sọ ọ́, Bàbá."

Ó ṣàdúrà fún mi kalẹ̀, ó ní n óò bí tibi tire. Ìyálé mi kàn ń wúkọ́ ni. Mo ń tan ara mi pé wọ́n á padà wá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kùn ún. Bí mo bá sì ti múra láti jẹ́wọ́, Bàbá á ní, "Ìyàwó tó gbé orúkọ bàbá mi ró dà?" ẹnu mi á sì pa dé. Kó tó di pé mo rí ọgbọ́n dá, ó ti ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí ní Gbọ̀ngán àti Àpòmù pé kí wọ́n wá fojú rí i.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé pátákó wá pé. Ẹbí dé, Áfáà ṣàdúrà, àwọn ará ilé Alhájì náà jáde wá wòran. Bàbá ò mọ ìwé kà àfi ti kéwú, ló bá ní kí Alhájì fúnra rẹ̀ kà á, kó lè dùn ún dọ́kàn. Alhájì fi awò sójú, ó kà á jẹ́jẹ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Agùntáṣọọ́lò Street! Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé òun ló ṣán igbó?"

Bàbá ní kó tún un kà. Ó tún un kà, kò yí padà. Ìgbà yẹn gan-an ni tíṣà ké láti inú kọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti kan pátákó kékeré tirẹ̀ mọ́ ògiri. "Eyínfúnjowó Close! Ta ló gbé eyín mi síta báyìí? Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé!"

Orúkọ ẹnu ìyàwó kì í fara sin. Bàbá yíjú sí wa. Ìyálé mi ti wọlé lọ ní tirẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku toyúntoyún.

"Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé o ò mọ orúkọ bàbá mi ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?"

"Bàbá, ọkọ mi ni wọ́n."

Bí mo bá pè é, ẹjọ́ ni. Mi ò pè é, ẹjọ́ náà tún ni. Alhájì ní irú èyí kì í ṣe orúkọ, kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n fi ti bàbá òun sí i. Oníbírò ní àwọn lè pa á rẹ́, ṣùgbọ́n bí àwọn bá pa á rẹ́, ẹjọ́ ilé méjèèjì á di ti kánsù, ẹni tí kánsù bá sì fún ló ni ín. Bàbá nawọ́ sí pátákó náà. "Ẹ pa á rẹ́. Ó sàn kí n pàdánù ọ̀nà ju kí wọ́n máa fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ." Ọlọ́dà ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ike. Ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

"Ẹ dúró. Ẹ tún un kà kí n gbọ́."

Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí Bàbá, ìyàwó tí bàbá àgbà fi sáyé lọ. Wọ́n tẹ ọ̀pá dé ìdí pátákó. Alhájì tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Nígbà tí wọ́n gbé mi wá ni. Títí ó fi kú, mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Bí ẹ bá wá kọ orúkọ náà síbí, tí ẹnìkan sì bi mí pé ibo ni mò ń gbé, kí ni kí n wí? Ṣé kí n máa nawọ́ bí odi ni? Gbogbo àwọn ìyàwó yìí ńkọ́?"

Nínú gbogbo àwọn ọkùnrin tó ń jà sí ọ̀nà yìí, ẹnikẹ́ni ò rò ó dé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Alhájì ló dáhùn láti òdìkejì pé, "Òótọ́ ni, Ìyá. Bó bá jẹ́ ti ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kọ, àwa náà ì bá ti yadi." Alhájì wẹ̀yìn wò ó.

Ìyá Àgbà gbé ojú sókè sí pátákó náà. "Agùntáṣọọ́lò," ni wọ́n pè é, fatafata, lójú gbogbo ayé. Omi lé ròrò sójú wọn. Èmi tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹkún ti gbọ̀n mí.

Bàbá gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọlọ́dà. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Tèmi ńkọ́?" tíṣà bèèrè.

"Ṣé eyín rẹ ò funfun ni?" Bàbá dá a lóhùn, gbogbo wa sì fi ẹ̀rín tú ká.

Mo kọ́gbọ́n lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá lórúkọ ni kó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, bí dòdò bá sì fẹ́ jóná, kó máa jóná, kí ènìyàn parí àlàyé rẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n dáadáa, títí mo fi mú ọmọ mi lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwé. Akọ̀wé wọn bi mí níbi tí mò ń gbé, mo sọ ọ́ gààrà. Ó ní orúkọ yẹn mà dùn, ta ló ń jẹ́ ẹ?

"Ọkọ mi ni," mo dá a lóhùn láìronú.

Nígbà tí n óò fi wo ọwọ́ rẹ̀, ó ti kọ Agùntáṣọọ́lò síbi orúkọ bàbá ọmọ. Ó ní bó bá jẹ́ àṣìṣe ni, kí n sọ orúkọ tí bàbá ọmọ ń jẹ́ gan-an. Mo wo ilẹ̀. Mo ní kó fi bírò yẹn sílẹ̀ ná, kí n sáré lọ pe bàbá ọmọ wá, mo sì ń dá nìkan rẹ́rìn-ín ara mi dé ilé.